Ẹ Má Ra Aṣọ Nìkan Bọ̀ Láti Kánò

  Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń yọ wá lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. A rò pé ojú ìwé yìí ni ó yẹ kí a ti sọ ọ́, nítorí pé nínú ìpàdé, àkókò kì í tó, ariwo sì máa ń pọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé bí Ọjọ́ Àṣà bá ti ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ a máa yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pé kí wọ́n lọ ra aṣọ ẹgbẹ́ wá ní ọjà Kantin Kwari ní Kánò. Wọn a wọ ọkọ̀ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, wọn a dé Sabon Gari ní òru. Ní ọjọ́ Ẹtì wọn a béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ, ní Sátidé wọn a rà á, wọn a dì í. Ní ọjọ́ Àìkú wọn a jókòó sílé, wọn a máa wo fóònù, wọn a máa retí ọkọ̀ ìdájí ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá dé, tí a bá bi wọ́n pé, "Báwo ni Kánò?" èsì kan náà ni a máa ń gbọ́ lọ́dọọdún: "Eruku àti oòrùn ni."

Èsì yìí máa ń dùn wá. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa. Eruku wà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Oòrùn náà wà, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ rí ní Oṣù Kẹrin kò nílò ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ìlú àtayébáyé bẹ́ẹ̀, tí kò sì rí ju eruku lọ, ṣé ìlú ni ká bá wí ni àbí ẹni tó lọ? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A gbà. Èyí tí kò tilẹ̀ jáde nílé ńkọ́?

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Kánò ni wá. Sabon Gari ni wọ́n bí wa sí. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá wa, tí a sì kọ́ Hausa lẹ́nu àwọn tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Yarbawa ni wọ́n ń pè wá lọ́hùn-ún. Nígbà tí a wá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, Gambari ni àwọn kan nínú yín fi ń ṣe wá lẹ́fẹ̀ẹ́. A kò bínú, a ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n nítorí pé a mọ ìhà méjèèjì, ẹ jẹ́ kí a sọ tiwa.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. A ní kí ẹgbẹ́ ṣètò òpin ọ̀sẹ̀ àwọn tí a ń rán lọ ra aṣọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí a rán wọn, kí wọ́n sì fi ìyókù àkókò wo ìlú, pẹ̀lú ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n a kò rò pé ó kéré.

Ẹ wo àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti gboyè tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Bí ilé iṣẹ́ bá rán ọ̀kan nínú wọn lọ sí gúúsù ilẹ̀ Jámánì, bóyá Stuttgart tàbí Munich, fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó tó di ẹrù rẹ̀ ni yóò ti máa béèrè kiri. Sátidé àkọ́kọ́, níbo ni mo lè lọ? Ṣé mo lè fi ọkọ̀ ojú irin lọ wo ààfin Neuschwanstein kí n sì padà lálẹ́? Heidelberg ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Ulm ńkọ́, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ju mítà 160 lọ? Yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá padà dé, ẹnu wa kì í yà láti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ohun tó dára ni ó ṣe, a kò bá a wí.

Ṣùgbọ́n ààfin Neuschwanstein tí à ń wí yìí, ọdún 1869 ni ọba Bavaria bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kòtò aró tó wà ní Kofar Mata ní Kánò, ọdún 1498 ni ìtàn sọ pé wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé wọ́n ti ń rẹ aṣọ ní aró ní Kánò fún ohun tó lé ní 370 ọdún kí wọ́n tó fi òkúta kìíní ààfin náà lélẹ̀. Bí a bá ń wá ohun àtijọ́ tó yẹ fún ìwòran, kí ló dé tí a fi mọ ọ̀nà Jámánì tí a kò mọ ọ̀nà Kofar Mata?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọmọ Jámánì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Heinrich Barth. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì wọ Kánò ní Oṣù Kejì ọdún 1851. Iṣẹ́ ni ó bá dé. Owó wọ́n ọn lọ́wọ́, ibà sì dá a wó. Síbẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ mókun, ó gun ẹṣin, ó yí ìlú ká láti àdúgbò dé àdúgbò, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ó fojú bù ú pé àwọn ará ìlú tó 30,000, ó ní bí àsìkò òwò bá dé, iye yẹn a máa di ìlọ́po méjì. Ó ṣàlàyé bí aṣọ aláró Kánò ṣe ń dé Tripoli ní àríwá àti Timbuktu ní ìwọ̀ oòrùn. Àlejò tí kò lówó lọ́wọ́, tí ibà ń ṣe, tí kò ní ọkọ̀, rí ìlú. Àwa tí a ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, tí a ní ọmọ ẹgbẹ́ tó gbọ́ èdè ibẹ̀, àwa ni a ń wo fóònù.

Kí a má baà dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa náà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ wa kan láti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ rán. Ilé wa ni ó dé sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ó bi wá pé, "Níbo ni a ń lọ lónìí?" A ní kò sí ibì kan. Ó ní, "Kòtò aró tí mo kà nípa rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó jìnnà?" Ojú tì wá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa, a kò dé ibẹ̀ rí. Láti Kantin Kwari, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè fi ẹsẹ̀ rìn ín dé Kofar Mata, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ni a ní láti bi léèrè ọ̀nà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń ro aró bi wá ní Hausa pé níbo ni a ti wá. Ọ̀rẹ́ wa ní Ìbàdàn. Àwa ní Kánò. Bàbá náà wo ojú wa títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àlejò ni ó mú onílé wá wo ilé. A kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Ogún ọdún ni a fi gbé etí odò.

Kí ló fà á? Àwọn òbí wa kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ni. Ní Oṣù Kẹwàá 1991, ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò. Ní Oṣù Keje 1999, Yorùbá àti Hausa kọlu ara wọn ní Ṣágámù, kò sì pẹ́ tí iná náà fi ràn dé Kánò. Ní Oṣù Kẹta 2013, àdó olóró bú ní ibùdókọ̀ New Road ní Sabon Gari, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ní Oṣù Kejìlá 2014, ó tún bú ní Kantin Kwari fúnra rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí nǹkan wọ̀nyí, tí ó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọjà, ilé, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ," ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àpò kan wà nínú yàrá àwọn ìyá wa tí ìwé ẹ̀rí àti aṣọ díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, tí a kì í tú. A mọ ohun tí àpò náà wà fún láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí àwọn òbí wa fi ojú ara wọn rí nǹkan kí wọ́n tó ní, àwa jogún rẹ̀ láìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà jogún rẹ̀ láìdé ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí báyìí títí, ọjọ́ tí ìjà mìíràn bá fẹ́ bẹ́, àwọn tí kò mọ ara wọn rí ni yóò tún dojú kọ ara wọn. Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ náà kò kéré.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí bí a ṣe lè ṣètò rẹ̀. A ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọjà, nítorí ọjà náà fúnra rẹ̀ tó ìwòran.

Ní èdè Hausa, kantin ni ṣọ́ọ̀bù, kwari sì ni ilẹ̀ tó rì sísàlẹ̀ bí àfonífojì. Orúkọ yìí kì í ṣe lásán: bí òjò bá pọ̀, omi a máa wọ́ jọ sínú ọjà, ní Oṣù Kẹjọ 2022 ó ba ọjà àwọn oníṣòwò púpọ̀ jẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣe lọ ra aṣọ ẹgbẹ́ ní ìgbà òjò bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́. Kantin Kwari wà lára àwọn ọjà aṣọ tó tóbi jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníbàárà láti Niger, Chad àti Cameroon ń wá síbẹ̀, àwọn ará Lébánónì náà sì ti ń ta aṣọ ní àgbègbè náà láti ìgbà àwọn òyìnbó. Àǹkárá wa ni wọ́n ń pè ní atampa, gínì wa ni shadda, aṣọ pẹlẹbẹ lásán ni yadi. Ẹ kọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá rí ọmọlanke tí ẹrù rẹ̀ ga ju ènìyàn méjì lọ tó ń bọ̀ níwájú yín, ẹ tètè yà.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ kan sí i: albarka. Bí ẹ bá dúnàá dúrà, tí iye tí ẹ dá kò tẹ́ olówó ọjà lọ́rùn, kò ní pariwo mọ́ yín, "Albarka" ni yóò sọ. Ó túmọ̀ sí pé kò gbà. Ní ọdún kan, akápò wa gbọ́ albarka, ó rò pé àlùbáríkà tí àwa mọ̀ ni, pé ọkùnrin náà ti gbà, ó sì ń súre fún òun. Ó ní "Àmín," ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Gbogbo ìsọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ta aṣọ pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì dín owó náà fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́, láti inú èdè Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti gbà á. Ìlò rẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Èkíní, ọjọ́ Ẹtì. Ẹ tètè jí wọ ọjà, ẹ fi òwúrọ̀ béèrè owó ní ìsọ̀ bíi mẹ́wàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má rà á. Bí ó bá di àsìkò ìrun Jímọ̀, ọjà yóò dákẹ́. Kí àwọn Mùsùlùmí inú yín lọ kírun, kí àwọn yòókù padà sí Sabon Gari lọ kí àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn fún yín. Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò láti gúúsù sì ń tẹ̀ lé e dé. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú ìlú àtijọ́, ó fún wọn ní ilẹ̀ lóde odi. Sabon Gari túmọ̀ sí ìlú tuntun. Bàbá àgbà ẹlòmíràn nínú wa wà lára àwọn tó kọ́ ilé níbẹ̀ nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìnkùlé.

Èkejì, ọjọ́ Sátidé. Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà o. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ìmọ́tótó àyíká ni wọ́n máa ń ṣe, ẹnikẹ́ni kì í jáde láàárọ̀ títí di agogo mẹ́wàá. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ra aṣọ yín láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dì í, kí ẹnì kan bá ẹrù lọ sí ibùdókọ̀, kí ó sì gba ìwé ẹrù. Lẹ́yìn náà ẹ wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita sahu. Ẹ má wá ọ̀kadà kiri, wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Kánò láti 2013.

Kofar Mata ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kòtò aró ni ẹ ó rí, wọ́n gbẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ bí kànga kékeré, ọkùnrin ló sì ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo yóò mọ ìyàtọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ìkòkò ni ìyá wa ti ń pa aró, obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹlú kan náà ni, eérú kan náà ni, sùúrù kan náà ni. Wọ́n máa ń fi aró náà sílẹ̀ kí ó kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rẹ aṣọ sí i. Lẹ́yìn tí aṣọ bá gbẹ, wọn a fi igi lù ú títí yóò fi máa dán. Bí ẹ bá ti rí èyí tán, ẹ rántí àwọn aṣọ tí wọ́n kó jọ ní Kantin Kwari, tí ẹ̀rọ tẹ iṣẹ́ àdìrẹ sí lára ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a sì ń rà bọ̀ wá fi ṣe Ọjọ́ Àṣà. A kò ní kí ẹ má rà á, owó ẹgbẹ́ ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí ọwọ́ bàbá yẹn tó dúdú bí aró dé ìgbọ̀nwọ́ kò ní fi ẹnu kan náà pe méjèèjì ní àdìrẹ mọ́.

Láti ibẹ̀ ẹ lọ sí Gidan Makama. Ilé alámọ̀ tó ti wà láti bí ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún ni, ó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ́gun Kánò ní 1903, wọ́n lò ó fún iṣẹ́ ìjọba wọn. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru ìta kì í tètè wọlé. Kò jìnnà sí ààfin Ẹ́míà, Gidan Rumfa, tí ọba Muhammad Rumfa kọ́ nígbà ìjọba rẹ̀ láàrin 1463 sí 1499. Ẹ kò lè wọ ààfin láìgba àṣẹ, ẹ wò ó láti ìta. Ẹ béèrè àsìkò tí wọ́n ń ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí ẹ tó lọ, ẹ sì mú owó ìwọlé dání.

Ìkẹta, ọjọ́ Àìkú. Kí àwọn Kristẹni lọ sí ìsìn àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Sabon Gari bí i ti Ìbàdàn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ lọ sí ọjà Kurmi, Rumfa kan náà ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀nà inú rẹ̀ há, ẹ di ara yín mú. Ẹ béèrè àdúgbò Ayagi. Ìtàn sọ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó nínú ìlú àtijọ́, tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Àwọn ọmọ wọn ti di ará Kánò pátápátá. Nígbà tí a gbọ́ èyí, orí wa wú. A ti rò tẹ́lẹ̀ pé lóde odi nìkan ni àyè Yorùbá wà.

Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ẹ gun òkè Dala. Níbẹ̀ ni wọ́n sọ pé àwọn àkọ́kọ́ ará Kánò gbé, alágbẹ̀dẹ tí ń yọ́ irin ni wọ́n. Láti orí òkè ẹ ó rí gbogbo ìlú: òrùlé pẹlẹbẹ, ilé ìrun, àti ibi tí odi ìlú gbà kọjá. Odi náà ti wó níbi púpọ̀. Ìgbà ọba Gijimasu, ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wo ọ̀nà ìlà oòrùn, ẹ ó rí ìhà Sabon Gari náà. Láti orí òkè, ẹ ò ní mọ ibi tí tiwa parí tí tiwọn bẹ̀rẹ̀.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀nà kò dára, ayé ti bàjẹ́. Òótọ́ ni, a kì í fi ojú kéré ewu. Ìdí nìyẹn tí a kò fi Dàúrà tàbí Kàtsínà kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kànga Kusugu àti ilé gogoro Gobarau wù wá kí ẹ rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ipò tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á. Inú Kánò ni a mọ sí, lójú ọ̀sán, pẹ̀lú ọmọ ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ti rin ìrìn àjò tó tó 1,000 kìlómítà kí ẹ tó dé Sabon Gari. Kìlómítà mélòó kan tó kù dé Kofar Mata kọ́ ni yóò pa yín.

Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kò lé, oorun kò lé, nítorí pé ẹ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó kẹ̀kẹ́, owó ìwọlé àti owó oúnjẹ ni. Ẹ jẹ gúrásà àti fúrá, kò wọ́n. Àwọn kan yóò ní a kì í rán ènìyàn níṣẹ́ kí ó lọ máa ṣe fàájì. Àwa náà gbà pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán lọ ra aṣọ àṣà, tí ó lọ wo ibi tí aṣọ ti ń jáde wá, iṣẹ́ tí a rán an ni ó ṣì ń ṣe.

Ìwà náà ṣe pàtàkì. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara. Ẹ kí ènìyàn kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ gba àyè kí ẹ tó ya àwòrán ẹnikẹ́ni, pàápàá obìnrin. Ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní mọ́là. Wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí a ṣe mọ ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Bí ọdún Sàlá bá bọ́ sí àsìkò yín, ẹ béèrè bóyá wọn yóò gun ẹṣin. Ní Oṣù Kejìlá 2024, UNESCO fi àjọ̀dún ẹṣin Kánò kún ogún àṣà tí gbogbo ayé ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n nínú ọdún kan náà ọlọ́pàá fòfin dè é nígbà Iléyá nítorí aáwọ̀ oyè Ẹ́míà. Ẹ má ṣe lọ láìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ pé ilé níbí ni. Sábó tó wà ní Ìbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn Hausa. Orúkọ Sabon Gari kan náà ni, a kàn gé e kúrú ni. Mélòó nínú wa ló ti wọ Sábó kan rí fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí sùyà? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju àwa ọmọ Kánò lọ. Bí a ṣe jẹ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n jẹ́ níbí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ ẹgbẹ́ láti gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́, kí owó ìwòran díẹ̀ wọ inú ètò ìnáwó àwọn tí a ń rán sí Kantin Kwari. Èkejì, kí ọmọ Kánò kan máa wà lára wọn, àwa fúnra wa ti ṣetán láti lọ. Ìkẹta, kí wọ́n kọ ìròyìn ohun tí wọ́n rí, kí a kà á fún gbogbo ẹgbẹ́ kí a tó pín aṣọ.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹ lọ wo oko náà. Bí ẹ bá dé, tí a bá bi yín pé, "Báwo ni Kánò?" ẹ ṣì lè ní eruku wà, oòrùn wà. Àwa kàn fẹ́ kí ẹ ní ohun mìíràn láti fi kún un ni.

Ire o.